Kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ Onísìlíńdà Méjì
Kì í ṣe àṣìṣe alágbẹ̀dẹ ni ó mú kí sìlíńdà kan tóbi ju èkejì lọ. Afẹ́fẹ́ tí a bá ń fún pọ̀ a máa gbóná, bí ó bá sì ti ń gbóná tó ni agbára tí ó ń gbà lọ́wọ́ ẹni ń pọ̀ sí i. Nítorí náà, níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, sìlíńdà ńlá a kọ́kọ́ fún un láti ìfúnpá bar 1 dé 4, páìpù bàbà àárín a tù ú lára, kí kékeré, tí àyè rẹ̀ ti tó gba afẹ́fẹ́ tí a ti fún pọ̀ náà, tó gbé e dé 16. Ìlọ́po mẹ́rin lọ́tùn-ún, ìlọ́po mẹ́rin lósì: ìpín ọgbọọgba yìí ni ó dín iṣẹ́ kù jù lọ, lójú ìṣirò, ní nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún tí a bá fi wé ti sìlíńdà kan ṣoṣo.