Ta Ni Oníbodè Fíìmù Oníhòòhò Lónìí?

Nígbà tí ìjọba ológun Nàìjíríà gbé Òfin 85 jáde ní 1993 láti dá Àjọ Ayẹ̀wò Fíìmù àti Fídíò sílẹ̀, inú kásẹ́ẹ̀tì ni fíìmù wà. Kásẹ́ẹ̀tì kì í ṣàdédé dé Ìjerò ní Èkìtì: ẹnìkan tẹ̀ ẹ́, ẹnìkan kó o wá, ẹnìkan ń yá a fáwọn aráàlú. Òfin lè di ọwọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mú. Ẹni tó bá sì fẹ́ wo bùlúù fíìmù ní Aràmọkọ, pálọ̀ ni tẹlifíṣọ̀n wà, àlejò sì lè kanlẹ̀kùn nígbàkigbà. Ìtìjú yìí, lójú tèmi, ṣiṣẹ́ ju àmì “18” tí àjọ náà ń lẹ̀ mọ́ fíìmù lọ.

Íntánẹ́ẹ̀tì ló gba ìtìjú náà lọ́wọ́ wa. Fóònù GSM dé ní 2001, dátà tẹ̀lé e, ohun tó ń gba pálọ̀ kọjá wá ń dé àtẹ́lẹwọ́ ẹnìkọ̀ọ̀kan ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè. Ọjà náà yí padà pẹ̀lú. Ìkànnì OnlyFans, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2016, sọ ẹni inú fídíò di ọlọ́jà: oníbàárà ń san owó oṣooṣù, ilé-iṣẹ́ ń yọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sí ṣọ́ọ̀bù tí ọlọ́pàá máa tì pa.

Oníbodè ayé àtijọ́, owó ló ń gbà. Ibi tí owó ń gbà kọjá náà ni ibodè wà lónìí. Ní December 2020, lẹ́yìn tí ìwé ìròyìn New York Times kọ̀wé nípa fídíò àwọn ọmọdé àtàwọn tí wọ́n fipá bá lò lórí ìkànnì Pornhub, àwọn ilé-iṣẹ́ káàdì ìsanwó Visa àti Mastercard dáwọ́ ìsanwó dúró níbẹ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù fídíò tí a kò mọ ẹni tó gbé wọn síbẹ̀ ti kúrò. Ẹnìkan lè sọ pé ọ̀fẹ́ ṣáà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wo irú fídíò bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi í hàn kò ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Àtakò tó wúwo jù sí dídí ọ̀nà owó ni pé àgbàlagbà tó fínnúfíndọ̀ ṣe iṣẹ́ yìí lè pàdánù oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹlẹ̀ ní August 2021, nígbà tí OnlyFans ní òun máa fòfin de fídíò tó ń ṣàfihàn ìbálòpọ̀ nítorí báǹkì, kó tó yí ọ̀rọ̀ padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ ká fi ìpinnu sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ òkèèrè nìkan. Kí òfin tiwa pàṣẹ pé kí owó Nàìjíríà má ṣe dé ibi tí wọn kò ti wádìí ọjọ́ orí àti ìyọ̀ǹda ẹni tó wà nínú fídíò. Aṣojú kan ṣoṣo ni Ìjerò, Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì àti Ẹ̀fọ̀n ní nílé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin ní Àbújá. Ẹ bi í léèrè ohun tó fẹ́ ṣe sí Òfin 85.