Ta Ló Rán Bọ́ọ̀lù Tí Ẹ̀ Ń Gbá?

Lónìí, ọ̀rọ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù kọ́ la fẹ́ sọ. Bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ni.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, bọ́ọ̀lù dúdú-àti-funfun kan la fi ń gbá monkey post ládùúgbò wa. Ọjọ́ tó ya ni mo rí òwú inú rẹ̀, tí mo wá mọ̀ pé wọ́n rán an ni. Awẹ́ 32 ló wà lára irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀: 20 ní igun mẹ́fà, 12 ní igun márùn-ún. Ẹni tó ń fi ọwọ́ rán an yóò fa òwú ní ohun tó lé ní ìgbà 600.

Ìlú Sialkot, ní Pakistan, ni iṣẹ́ yìí ti gbilẹ̀ jù lágbàáyé. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún 1990 sí 1997, ayé rí i pé àwọn ọmọdé náà wà nídìí abẹ́rẹ́. Ní 1997, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Atlanta. Iṣẹ́ kúrò nínú ilé, ó di ojúkò tí àwọn alábòójútó lè yẹ̀ wò. Ó dára fáwọn ọmọ. Àmọ́ ìyá tó ń ránṣọ bọ́ọ̀lù nílé, tó sì ń tọ́mọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò rọrùn fún un láti máa lọ sójúkò. Owó bọ́ lọ́wọ́ àwọn míì.

Ibi tí wọ́n ti ń yanjú ìyẹn ni ẹ̀rọ dé. Teamgeist tí wọ́n fi gbá Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2006 kò ní òwú rárá. Ooru ni wọ́n fi lẹ awẹ́ rẹ̀ 14 pọ̀. Ní 2010, awẹ́ Jabulani di 8, China ni wọ́n sì ti ṣe é.

Sialkot kò káwọ́ gbera o. Wọ́n kọ́ iṣẹ́ ooru náà. Nígbà tó di 2014, ilé iṣẹ́ Forward Sports tó wà níbẹ̀ wà lára àwọn tó ṣe Brazuca, aláwẹ́ 6. Wọ́n tún ṣe Al Rihla ní 2022.

Ìlú náà kò pàdánù ọjà. Ìbéèrè tèmi ni pé, ẹni tó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ nìkan ló mọ̀ ńkọ́? Bí ooru bá ti ń lẹ awẹ́ pọ̀, ta ni yóò pe aránbọ́ọ̀lù?

Ẹ yí bọ́ọ̀lù yín wò lónìí: òwú ni àbí ooru? Ilẹ̀ wo ló ti wá? Ẹ fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.