Ọmú Abiyamọ Kì Í Ṣe Ohun Ìtìjú: Ẹ̀kọ́ Tó Wà Nínú Ìtàn Yemọja

Ọ̀rọ̀ tó délẹ̀ lónìí kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni nínú wa, nítorí ẹnu ọmú ni ọ̀pọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀ ayé.

Ẹ wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nínú dánfó. Ìkókó á bú sẹ́kún. Gbogbo èrò ọkọ̀ á yíjú sí ìyá rẹ̀, wọ́n á ní, "Ìyá ọmọ, ẹ fún un lọ́mú!" Bí ìyá bá wá gbé ọmọ sáyà, ojú tó ń bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan á di ojú tó ń bá a wí. Ẹnì kan á máa wò ó láìṣẹ́jú, ẹlòmíràn á pòṣé. Ìyá tuntun tó jẹ́ pé àkọ́bí ló gbé lọ́wọ́ kò ní mọ èyí tí ì bá ṣe mọ́. Tó bá fi máa di ọ̀la, yóò ti rọ omi tàbí mílíìkì agolo sínú fídà kó tó jáde nílé, kí ẹnikẹ́ni má baà rí àyà rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà, nítorí ọmọ ni yóò jẹ gbèsè ìtìjú tí àwa àgbà dá sílẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, níbo ni a ti rí i pé ọmú abiyamọ jẹ́ ohun ìtìjú? Kì í ṣe lójúbọ òrìṣà.

Yemọja àti Òkèrè

Ìtàn kan wà tí àwọn olùsìn Yemọja máa ń sọ. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lè yàtọ̀ láti ibì kan sí òmíràn, àmọ́ bó ṣe lọ nìyí. Yemọja tọ́ ọmọ púpọ̀, ọmú rẹ̀ sì tóbi nítorí àwọn ọmọ tó ti mu ún. Nígbà tí Òkèrè, ọba Ṣakí, fẹ́ fi í ṣaya, Yemọja gbà, àmọ́ ó fún ọkọ rẹ̀ ní èèwọ̀ kan ṣoṣo: kò gbọdọ̀ fi ọmú òun ṣe yẹ̀yẹ́ láé. Òkèrè ní kò burú. Wọ́n ń gbé ní ìrọ̀rùn títí di ọjọ́ tí Òkèrè mu ẹmu yó. Ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ wọlé, ó kọlu Yemọja. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bá a wí, ó fi ọmú rẹ̀ bú u.

Yemọja kò dúró gbọ́ gbólóhùn kejì. Bó ṣe ń sá lọ, ohun tí Olókun fún un pé kó máa tọ́jú bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fọ́, omi sì ya jáde, ó di odò tó ń gbé e lọ sí òkun. Òkèrè sọ ara rẹ̀ di òkè, ó dínà mọ́ ọn. Ni Yemọja bá ké sí ọmọ rẹ̀ Ṣàngó. Ṣàngó fi àrá la òkè náà sí méjì, odò sì ráyè kọjá. Odò náà ni odò Ògùn, tó ń ṣàn láti agbègbè Ṣakí, tó gba Abẹ́òkúta kọjá, títí tó fi wọ inú ọ̀sà l'Ékòó.

Ọmú tó tọ́mọ kọ́ ló tú ilé Òkèrè ká. Ẹnu tó fi ọmú náà ṣe yẹ̀yẹ́ ló tú u ká. Ọkọ pàdánù aya, ìlú pàdánù ìyá. Ẹ sì ṣàkíyèsí ẹni tó gbèjà Yemọja: ọmọ rẹ̀ ni.

Ère tó ṣí sílẹ̀, igbá tí a bò

Bí ẹ bá dé ojúbọ Ṣàngó tàbí ti Ọ̀ṣun tí àwọn agbẹ́gilére ti ṣiṣẹ́ sí, ẹ lè rí ère abiyamọ tó kúnlẹ̀, tó pọn ọmọ tàbí tí ọmọ ń mu ọmú láyà rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń fi ọwọ́ bojú níwájú ère náà. Nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, èyí tí àwọn èèyàn Kétu àti Yewa fi ń bu ọlá fún àwọn ìyá wa, ọkùnrin ló ń gbé ọmú tí wọ́n fi igi gbẹ́ sáyà, tó ń jó lójú gbogbo èèyàn. Ní ọdún 2001, àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára àwọn ogún àṣà tó yẹ kí gbogbo ayé tọ́jú.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má sọ pé Yorùbá kì í bo nǹkan. Ẹ rántí Arugbá Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ní oṣù kẹjọ ọdọọdún. Aṣọ ló bo igbá tó wà lórí rẹ̀. Àìmọye ojú ló ń wo Arugbá bó ṣe ń ti ààfin lọ sójúbọ, kò sì sí ẹni tó jẹ́ sọ pé ìtìjú ló jẹ́ kí wọ́n bo igbá náà. Ohun tó níyì là ń bò. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọmú rí. Bí abiyamọ bá fi ìborùn bò ó, iyì ló fi fún un. Bí kò bá bò ó, ère tó wà lójúbọ ló jọ. Ọwọ́ ìyá ni yíyàn wà. Èyí tí kò bójú mu ni pé ká lé e kúrò láwùjọ, tàbí ká ní kó lọ fún ọmọ lọ́mú ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ta ni nínú wa tó lè gbé iyán lọ síbẹ̀ lọ jẹ?

Ohun tí ọmọ ń pàdánù

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí ìyá gbé ọmọ sí ọmú láàárín wákàtí kan tó bá bí i, kó fún un ní ọmú nìkan fún oṣù 6, lẹ́yìn náà kó máa fi oúnjẹ kún un títí ọmọ yóò fi pé ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú ọmọ 100 tí kò tíì pé oṣù 6, nǹkan bíi 29 péré ló ń mu ọmú ìyá nìkan. Kì í ṣe ìtìjú nìkan ló fà á, àmọ́ ìyá tí kò lè fún ọmọ lọ́mú lójú ọ̀nà kò ní pẹ́ wá nǹkan mìíràn fún un.

Ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ má bínú sí mi. Mo mọ̀ pé omi àti àgbo wà lára ohun tí a fi ń tọ́ ìkókó látijọ́. Àmọ́ nínú ìdá 100 omi ọmú, bíi ìdá 87 ló jẹ́ omi. Omi tí ẹ fẹ́ rọ sẹ́nu ọmọ ti wà nínú ọmú, kódà nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ó sì mọ́ ju ti inú kẹ̀tùrù lọ. Ẹ jẹ́ kí omi àti àgbo dúró ná. Bí Ifá bá ní ká rúbọ tàbí ká bọ orí ọmọ, kò sí èyí tó dí ọmú lọ́nà níbẹ̀.

Bí ìyá tuntun ṣe lè ṣe é ní ìrọ̀rùn

Àwọn àgbà ní abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kó má tatí wéré. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ má dúró de ẹkún. Bí ọmọ bá ń fi ẹnu wá àyà, tó ń mu ìka, tàbí tó ń la ẹnu kiri, ebi ti ń pa á nìyẹn. Ẹ gbé e sí ọmú nígbà náà, kò ní sí ariwo tí yóò mú èrò yíjú sí yín.

Aṣọ wa ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà. Bùbá fẹ̀, ó sì ṣeé ká sókè. Ẹ má fa ọrùn aṣọ wálẹ̀; láti ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti ká a. Bùbá yóò bo òkè ọmú, ara ọmọ yóò bo ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá wọ síńgílẹ́ẹ̀tì sábẹ́ bùbá, tí ẹ fa ìyẹn wálẹ̀, ikùn yín kò ní hàn síta. Ẹni tó fẹ́ràn kaba, kó rán èyí tó ní bọ́tìnì tàbí síìpù níwájú. Kọ́mú abiyamọ tó ń ṣí níwájú náà dára, torí pé ọwọ́ kan ṣoṣo ló ń gbà.

Bí ẹ bá fẹ́ lo ìborùn, òwú fẹ́lẹ́ ni kí ẹ mú, bí àdìrẹ. Ẹ so etí rẹ̀ méjì mọ́ ẹ̀yìn ọrùn, kó rọ̀ síwájú. Ẹ má fi di ojú ọmọ pa, nítorí oòrùn wa mú. Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, kí ẹ sì máa rí imú rẹ̀ nígbà gbogbo.

Bí ẹ bá jókòó, ẹ wá ohun tí ẹ ó fi ẹ̀yìn tì. Nínú ọkọ̀, ẹ wá ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Lọ́jà, ẹ bẹ ìyá kan kó jẹ́ kí ẹ jókòó sínú ìsọ̀ rẹ̀; ó ṣòro kí ìyá ọlọ́jà kọ̀ fún abiyamọ. Ẹ gbé ọmọ wá sí ọmú, ẹ má tẹ̀ ba lọ bá ọmọ, kí ẹ̀yìn má baà dùn yín. Kí ikùn ọmọ kan ikùn yín, kí ẹnu rẹ̀ là dáadáa, kó gba orí ọmú àti díẹ̀ lára ibi dúdú tó yí i ká. Bó bá ń dùn yín, ẹ rọra fi ìka já a, kí ẹ tún un gbé. Bí ìrora náà bá ń bá a lọ, ẹ lọ rí nọ́ọ̀sì tàbí agbẹ̀bí.

Ẹ kọ́kọ́ máa fi dánra wò nílé níwájú dígí. Ẹ ó rí i pé ohun tí àwọn èèyàn lè rí kò tó bí ẹ ṣe rò.

Iṣẹ́ tiwa tó yí ìyá ká

Ọkọ ni kó kọ́kọ́ dúró ti ìyàwó. Gbé àpò ọmọ, bá a wá ìjókòó, bu omi fún un mu. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ṣe bíi ti Òkèrè, ìwọ ni kó o dá a lóhùn. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá sì ṣèèṣì bọ́ síbẹ̀, kó gbé e kúrò. Ojú tó ń wò ló yẹ kó tijú, kì í ṣe ìyá tó ń bọ́mọ.

Ẹ̀yin agbanisíṣẹ́, abala 54 nínú Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà sọ pé ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú ní ẹ̀tọ́ sí ìṣẹ́jú 30, lẹ́ẹ̀méjì lójúmọ́, láàárín àkókò iṣẹ́, láti fún ọmọ lọ́mú. Àwọn ọmọ wa tó wà ní ìlú ọba náà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lé yín jáde: òfin Equality Act ti ọdún 2010 kò gbà kí wọ́n ní kí ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù, ilé oúnjẹ tàbí bọ́ọ̀sì. Ní Amẹ́ríkà, gbogbo ìpínlẹ̀ 50 ló ní òfin tó gba ìyá láàyè láti fún ọmọ lọ́mú ní gbangba.

Àwa ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ ọmú fífún lágbàáyé máa ń bọ́ sí ọjọ́ 1 sí 7 oṣù kẹjọ, inú oṣù kan náà tí a ń ṣe ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo. Àwọn tó tọrọ ọmọ lọ́wọ́ Ọ̀ṣun máa ń gbé ọmọ padà wá dúpẹ́. Ó yẹ kí wọ́n bá àyè nílẹ̀. Ní gbogbo ibi tí a bá ti ń ṣọdún, ní tẹ́ńpìlì Ifá àti lágbo òrìṣà gbogbo, ẹ tẹ́ ẹní sí abẹ́ ìbòòji, ẹ gbé àga tó ní ìfẹ̀yìntì méjì mẹ́ta síbẹ̀, ẹ gbé omi mímu sí i, kí ẹ sì fi ìyá àgbà kan síbẹ̀ tí yóò máa kọ́ àwọn ìyá tuntun. Kò ní ná wa lówó púpọ̀. Abiyamọ tó bá fẹ́ jókòó sáàárín agbo dípò ibẹ̀, ẹ sún fún un.

Kí Ọ̀ṣun pa àwọn àgàn lẹ́kún. Kí Yemọja jẹ́ kí omi ọmú àwọn abiyamọ wa máa sun bí odò Ògùn. Àbọrú, àbọyè, àbọ̀ṣíṣẹ.