Owó ti padà, ìwé ẹ̀rí dà?

(Fóìsì méjì ni ọ̀rọ̀ yìí. A kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí kò ráyè gbọ́ ọ nínú ọjà.)

Ẹ má bínú sí ariwo tẹ́ ẹ ń gbọ́ lẹ́yìn mi, jẹnẹrétọ̀ bọ̀dá télọ̀ ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan béèrè nínú gúrúùpù yìí pé, tí ìjọba bá pàṣẹ pé kí wọ́n dá owó iná tí wọ́n gbà jù padà fún wa, báwo la ṣe máa mọ̀ pé wọ́n dá a padà lóòótọ́? Ọ̀pọ̀ nínú yín fi ẹ̀rín dáhùn. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín, torí ìbéèrè yẹn bá mi níbi tó ń dùn mí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo kà nípa rẹ̀, kí n tó wá sọ ti ara mi.

Níbi tí mo kà á dé, àwọn tó ṣe òfin ọ̀rọ̀ yìí kúnná jù ni àwọn tó ń ṣàbójútó páìpù gáàsì ní Amẹ́ríkà. Ẹ má ì tíì sọ pé kí ló kàn wá níbẹ̀. Àwa tá a wà ní Warri kọ́ ló yẹ ká sọ bẹ́ẹ̀. Páìpù ńlá tó ń gbé gáàsì láti Escravos lọ sí Èkó, agbègbè wa níbí ló gbà kọjá, gáàsì inú rẹ̀ ló sì ń bọ́ ilé-iṣẹ́ iná Egbin. Ẹni tó bá ní páìpù lágbára lórí ẹni tó ń lò ó, torí ẹni tó ń lò ó kò ní páìpù mìíràn tó lè sá lọ bá. Bíi mọ́tò kan ṣoṣo tó ń ná ọ̀nà abúlé ni: iye tí dírẹ́bà bá pè lo máa san. Ìdí nìyẹn tí ìjọba fi ń dá sí iye tí wọ́n ń gbà. Lọ́dọ̀ wa níbí, òfin epo rọ̀bì ti 2021 gbé iṣẹ́ yẹn lé àjọ NMDPRA lọ́wọ́. Ní Amẹ́ríkà, òfin gáàsì wọn ti wà láti 1938, àjọ tó sì ń mójú tó o lónìí ni wọ́n ń pè ní FERC.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Ilé-iṣẹ́ páìpù fẹ́ fi owó lé owó. Ó kọ̀wé sí àjọ. Àjọ lè ní kó ṣe sùúrù ná, àmọ́ kò lè dá a dúró ju oṣù márùn-ún lọ. Tí oṣù márùn-ún bá pé tí wọn ò tíì dájọ́, ilé-iṣẹ́ náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó tuntun yẹn, ṣùgbọ́n owó náà kò tíì di tirẹ̀ tán. Àjọ lè ní kó máa kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: iye tó wọlé nítorí àfikún yẹn, ẹni tó san án, àti ẹni tí wọ́n san án fún. Ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa o, ẹni tó san án, àti ẹni tí wọ́n tìtorí rẹ̀ san án. Màá padà síbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà ló sì gbọ́dọ̀ fi hàn pé àfikún náà tọ́, kì í ṣe oníbàárà ni yóò máa sáré kiri láti fi hàn pé kò tọ́.

Tí àjọ bá wá sọ pé owó yẹn pọ̀ jù, ilé-iṣẹ́ náà á dá èyí tó lé padà, tòun tèlé. Bí àṣẹ náà kò bá dárúkọ ọjọ́, ọgọ́ta ọjọ́ ni wọ́n fún un lẹ́yìn àṣẹ tó kẹ́yìn. Gbogbo ìnáwó tó bá wà nínú ìdápadà yẹn, òun ni yóò gbé e. Kò gbọdọ̀ yọ ọ́ lára owó olówó. Ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyí: owó pípadà nìkan kò tíì tó. Láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tó bá ti san án, ó gbọ́dọ̀ fi ìwé ìjábọ̀ ránṣẹ́ sí àjọ. Kò sì gbọdọ̀ fi ìwé náà pamọ́. Gbogbo ẹni tó ní ìpín nínú owó náà gbọ́dọ̀ lè rí i, kí olúkúlùkù lè wo tirẹ̀ mọ́ ti ẹnìkejì.

Ẹ lè sọ pé ọ̀rọ̀ ìwé lásán ni. Ó ṣẹlẹ̀ ní Kansas. Láàárín 1983 sí 1988, àwọn tó ń wa gáàsì níbẹ̀ ń gba owó orí ìpínlẹ̀ kan mọ́ owó gáàsì tí wọ́n ń tà fún àwọn onípáìpù, ó sì kọjá iye tí òfin fàyè gbà. Ẹjọ́ yẹn fà gan-an ni. 1996 ni ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Washington sọ pé kí wọ́n dá a padà láti 1983, 1997 ni FERC ṣètò bí wọ́n ṣe máa san án. Ẹ wo iye ọdún! Owó náà ní láti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó wa gáàsì, kó dé ọ̀dọ̀ onípáìpù, onípáìpù ò sì gbọdọ̀ jókòó lé e, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kó ṣàn lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ra gáàsì lọ́wọ́ rẹ̀. Tí kò bá sí àkọsílẹ̀ ẹni tó san owó ní 1983, ta ló máa rántí?

Ó dáa. Tiwa ńkọ́? Gáàsì lè jìnnà sí ọ̀pọ̀ wa, iná ò jìnnà. NERC ni àjọ tó ń ṣàbójútó rẹ̀ fún ìjọba àpapọ̀. Ẹ rántí ọjọ́ kẹta oṣù Kẹrin 2024, tí wọ́n gbé owó àwọn tó wà ní Band A, àwọn tó yẹ kó máa rí iná fún ogún wákàtí lójúmọ́, láti iye tí kò tó ₦70 lọ sí ₦225 lórí yúníìtì kan. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi rí i pé ilé-iṣẹ́ apíná Àbújá, AEDC, ti gba owó Band A lọ́wọ́ àwọn tí kò sí níbẹ̀. NERC bu owó ìtanràn ₦200 mílíọ̀nù lé e, ó sì ní kó fi token dí àlàfo náà fún àwọn oníbàárà títí di ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹrin. Nígbà tó di ọjọ́ kejìlá, kó mú ẹ̀rí wá pé òun ti ṣe é. Ọjọ́ kan péré ló wà láàárín kí owó padà àti kí ẹ̀rí dé. Ìyẹn wú mi lórí.

Ṣáájú ìyẹn, ní oṣù Kejì ọdún 2024 kan náà, NERC ti mú gbogbo ilé-iṣẹ́ apíná mọ́kànlá, lórí bíìlì àfojúbù tó kọjá òdiwọ̀n láti oṣù Kìíní sí oṣù Kẹsàn-án 2023. Ó ní òun máa yọ nǹkan bíi ₦10.5 bílíọ̀nù kúrò nínú owó tí wọ́n láṣẹ láti pa wọlé. Ó ní kí wọ́n fi kírẹ́dìtì sí àkáǹtì àwọn tọ́rọ̀ kàn nínú bíìlì oṣù Kẹta, kí wọ́n sì tẹ orúkọ wọn jáde nínú ìwé ìròyìn méjì, kí wọ́n gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú. Oṣù Kẹrin 2025 náà, ilé-iṣẹ́ mẹ́jọ tún fara gbá, ₦628 mílíọ̀nù, wọ́n sì ní kí owó àwọn èèyàn ti padà kó tó kọjá ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Karùn-ún.

Èrò tèmi ni pé àṣẹ wọ̀nyẹn dára, àmọ́ àwa tá à ń tajà lè wà níbẹ̀ kó má kàn wá. Nínú wa, ta ló ń ra ìwé ìròyìn méjì lóòjọ́? Èyí tó tún ga jù ni pé orí àkáǹtì ni kírẹ́dìtì ń bọ́ sí, kì í bọ́ sọ́wọ́ èèyàn. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù wa, àkáǹtì kan ni mẹ́fà mẹ́jọ ń pín lò, orúkọ láńlọ́ọ̀dù ló sì wà lórí ẹ̀.

(Fóìsì kejì.)

Mo ti dé o. Ìyàwó mi ló pè mí sí oúnjẹ.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà là ń pín bíìlì kan lójúlé wa. Èmi ni akápò iná. A pín in sí ọ̀nà mẹ́wàá: ìyá ẹlẹ́ja tó ní fìrísà ńlá ń san mẹ́ta, bọ̀dá télọ̀ méjì, àǹtí onírun méjì, àwa mẹ́ta yòókù ń san ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bíìlì oṣù mẹ́ta kan wúwo ju bó ṣe yẹ lọ, a pariwo, a kọ̀wé, a san án náà torí kí wọ́n má gé wa. Kété lẹ́yìn ìyẹn ni ìyá ẹlẹ́ja kó lọ sí Sapele. Ọmọkùnrin kan tó ń ta káàdì, tó sì ń ṣe fóònù, gba ṣọ́ọ̀bù náà. Ọ̀nà kan lòun ń san, ìyẹn ni pé ìpín wa wá di mẹ́jọ.

Oṣù márùn-ún kọjá. Bíìlì dé, mo rí i pé wọ́n ti yọ ₦90,000 fún wa. Inú mi dùn, mo pariwo sí gbogbo ilé. Mo ṣáà fi owó yẹn san bíìlì oṣù yẹn, ìyókù dín ti oṣù kejì kù. Gbogbo wa jó. Kò sẹ́ni tó béèrè nǹkan kan, èmi náà ò béèrè lọ́wọ́ ara mi.

Ibi ìkómọjáde kan ni ìyá ẹlẹ́ja ti gbọ́. Ó pè mí. Kò bínú rárá, ìyẹn ló dùn mí jù. Ó ní, "Àbúrò mi, mo gbọ́ pé owó iná wa padà. Ẹ ò rántí mi?" Ẹnu mi wọ. Mo ní kó jẹ́ kí n wo ìwé.

Ọlọ́run ló yọ mí pé mo ní ìwé. Mo ṣí i. Oṣù kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́ta yẹn, ₦30,000 ló lé. Ìpín kan jẹ́ ₦3,000, tirẹ̀ jẹ́ ₦9,000 lóṣù. Oṣù mẹ́ta, ₦27,000. Gbogbo ẹ̀ la jẹ pátá. Nígbà tí mo pín ₦90,000 sí ọ̀nà mẹ́jọ láìmọ̀, ọmọ oníkáàdì tí kò san kọ́bọ̀ nígbà náà gba ₦11,250. Télọ̀ àti onírun gba ₦22,500 dípò ₦18,000. Àwa mẹ́ta yòókù gba ₦11,250 dípò ₦9,000. Ẹ rò ó pọ̀, ₦27,000 ìyá ẹlẹ́ja ló bọ́ sí i géérégé.

Ẹ wá rántí òfin páìpù yẹn: ẹni tó san án. Èmi wo ẹni tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù, mi ò wo ẹni tó san owó.

Mo pe ìpàdé. Ọmọ oníkáàdì ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé owó ẹlòmíràn ni. Mo ti ná an." Ó jàre. Akápò ló ṣẹ̀, èmi ni mo san ₦11,250 tirẹ̀, mo fi ₦2,250 tèmi sí i. Télọ̀ san ₦4,500 lójú ẹsẹ̀, ẹnì kan nínú àwa yòókù san ₦2,250. Ìyẹn jẹ́ ₦20,250, mo ti fi ránṣẹ́ sí Sapele, owó tí báǹkì gé lórí ẹ̀, èmi ni mo gbé e. Mo kọ gbogbo ẹ̀ sórí ìwé kan: iye tó padà, oṣù tó wà fún, ìpín kálukú, ọjọ́ tí mo san án. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà, mo sì ya fọ́tò rẹ̀ fún ìyá ẹlẹ́ja. Ó kà á, ó ní, "Èlé ńkọ́?" Mo rò pé eré ló ń ṣe. N ò dá a lójú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń pín bíìlì, ẹ má ju bíìlì àtijọ́ nù, ì báà ti gbó. Ibi tí wọ́n bá kọ kírẹ́dìtì sí lórí bíìlì, ẹ béèrè oṣù tó wà fún ní ọ́fíìsì wọn, kí wọ́n fún yín ní ìwé. Bí ẹ bá lọ fẹjọ́ sùn, ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn yín kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀; òun lẹ máa mú tọ àjọ tó ń ṣàbójútó iná lọ bí wọn ò bá dá yín lóhùn. Tí ẹnikẹ́ni bá sì ń kó lọ, ẹ gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sínú ìwé owó, kì í ṣe inú fóònù yín nìkan. Fóònù ń bàjẹ́.

₦6,750 ló kù nílẹ̀. Ti àǹtí onírun ni ₦4,500, ó ní òpin oṣù. Ẹni tó kù pẹ̀lú ₦2,250 wà nínú gúrúùpù yìí, ó ń gbọ́ mi. Mi ò dárúkọ o.