Àtúnkọ́ àti Àtúnhù: Èdè-Ìperí fún Ilé àti Ọgbà Lẹ́yìn Iná Ọ̀dàn

1. Ìfáárà

Ní Bàbáńlá, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn ti Ìpínlẹ̀ Kwara, gẹ́gẹ́ bí ní ibi púpọ̀ ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn a máa sọ koríko di ohun tí iná tètè ń ràn. Bí ọyẹ́ bá ń fẹ́, iná tí àgbẹ̀ dá sí oko tàbí èyí tí ọdẹ fi lé ẹran lè ré ààlà kọjá, kí ó sì jó dé ilé. “Iná ọ̀dàn” ni orúkọ tí ó bá irú iná bẹ́ẹ̀ mu, nítorí pé koríko ni ó ń jẹ.

Ó rọrùn láti fi “àtúnṣe” pe gbogbo iṣẹ́ tí ó tẹ̀lé iná náà. Ọ̀rọ̀ yìí kò tó. “Àtúnkọ́” yẹ ilé, tí ọwọ́ ènìyàn nìkan lè gbé dìde. “Àtúnhù” yẹ ọgbà, tí ó lè tún yọ láti inú gbòǹgbò ara rẹ̀.

2. Àtúnkọ́

Ògiri tí ó ṣì dúró lè ti di òkú ògiri. Amọ̀ tí ooru rẹ̀ bá kọjá nǹkan bí ìwọ̀n 600 ti Celsius di “amọ̀ sísun”: bí ìkòkò, kì í yọ́ nínú omi mọ́. Ṣùgbọ́n ojú ògiri nìkan ni ooru sábà ń sun dé bẹ́ẹ̀. “Amọ̀ àìsun” wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn méjèèjì sì lè là kúrò lára wọn. Kọnkéré a máa bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù agbára ní nǹkan bí 300. Sínkì ara páànù a máa yọ́ ní 420. Páànù tí ó bá pàdánù rẹ̀ yóò tètè dípẹtà.

Nítorí náà, “àyẹ̀wò ògiri” ní láti ṣáájú àtúnkọ́. Kọnkéré tí àwọ̀ rẹ̀ ti pọ́n, tàbí tí ó ń dún bí ohun òfìfo nígbà tí wọ́n bá fi òòlù lù ú, kò yẹ ní gbígbé òrùlé lé.

3. Àtúnhù

Nínú ọgbà, ohun tí ó dúdú lè wà láàyè. Igi irúgbá àti igi òrí ní èèpo tí ó nípọn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ a máa rú láti ìdí. Bí wọ́n bá fi ọ̀bẹ ha èèpo, tí “ìpele tútù” abẹ́ rẹ̀ ṣì ní omi, kí wọ́n dúró de òjò àkọ́rọ̀ kí wọ́n tó gé igi náà.

“Èédú” ni igi tí kò jó tán. “Eérú” ni ohun tí iná kò lè jó mọ́. Potáṣíọ̀mù àti kálíṣíọ̀mù wà nínú eérú, èyí tí àwọn alọ́ṣẹ ti ń lò tipẹ́; ṣùgbọ́n nítírójìn púpọ̀ ti bá èéfín lọ, ọ̀gbàrá sì lè gbá eérú náà lọ. “Ìbolẹ̀”, èyíinì ni fífi koríko bo ilẹ̀ nígbà òjò, a máa dá ọ̀gbàrá dúró. Ẹ̀wà àti ẹ̀pà a máa dá nítírójìn padà, nípa iṣẹ́ àwọn kòkòrò àìfojúrí inú gbòǹgbò wọn. “Eérú ilé”, tí ọ̀dà, ike tàbí bátìrì jó mọ́, kò gbọdọ̀ wọ ọgbà, nítorí òjé lè wà nínú rẹ̀.

4. Ìparí

“Ààlà-iná” ni ilẹ̀ tí wọ́n ro kanlẹ̀ yí ilé ká kí ọyẹ́ tó dé. Òun ni ó yẹ kí ó parí iṣẹ́ méjèèjì. Ìyàtọ̀ àárín àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀ràn ẹnu lásán. Ẹni tí ó bá pe gbogbo rẹ̀ ní àtúnṣe lè gbé òrùlé lé òkú ògiri, kí ó sì gé igi tí ó wà láàyè.