Ladi Kwali: Obìnrin alámọ̀ tó wà lẹ́yìn ogún náírà

Ẹ mú ogún náírà, ẹ yí i sẹ́yìn. Gbogbo wa la mọ Murtala Muhammed tó wà níwájú, ṣùgbọ́n obìnrin tó ń mọ ìkòkò lẹ́yìn yẹn ńkọ́? Láti 2007 ló ti wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ti ná an láìmọ̀ pé Ladi Kwali ni.

Ọmọ Gwari ni, ará Kwali, nítòsí ibi tí olú-ìlú wa wà báyìí. Obìnrin kan nínú mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́ láti kékeré. Tiwọn, ìkòkò kì í yí, ẹni tó ń mọ ọ́n ló ń yí i po. Tó bá gbẹ, wọ́n á fi koríko dáná sí i ní gbangba. Omi inú irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ máa ń tutù nini, torí pé ìkòkò náà ń làágùn.

Ní 1950, òyìnbó kan, Michael Cardew, rí ìkòkò rẹ̀ láàfin ọba Abuja àtijọ́, tí wọ́n ń pè ní Suleja báyìí. Ọ̀dọ̀ Bernard Leach ni Cardew ti kọ́ṣẹ́ ní England, Leach náà sì rèé, Japan lòun ti kọ́ tiẹ̀! Cardew dá ilé ìkọ́ṣẹ́ ìkòkò sílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí Ladi wọlé ní 1954, òun lobìnrin àkọ́kọ́ láàárín àwọn ọkùnrin.

Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rọ yíyí mọ abọ́ àti jọ́ọ̀gì, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ òsì júwe ilé baba rẹ̀ o. Ọwọ́ ló ṣì fi ń mọ àmù ńláńlá, tó ń ya alángbá, àkéekèé àti ejò sí i lára bíi ti Kwali. Iná ìléru òyìnbó, tó gbóná ju 1,200 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, ló wá fi ń sun wọ́n, pẹ̀lú oje tó ń dán bíi gíláàsì.

Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an nìyí. Ìkòkò tó bá jóná tó bẹ́ẹ̀ á le bí òkúta, kò ní làágùn mọ́, kò sì ní mú omi tutù bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òyìnbó tó rà á, inú pálọ̀ ni wọ́n gbé e sí. Ohun tí àwọn obìnrin Kwali fi ń pọn omi di ohun àwòyanu.

Ṣé àdánù wá ni? Ẹ má tètè dájọ́. Àmù yẹn ló gbé e dé London àti Amẹ́ríkà, òun náà ló mú kí Yunifásítì Ahmadu Bello fi oyè dókítà dá a lọ́lá ní 1977. Nígbà tó kú ní 1984, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ìyá rẹ̀ ti gbayì níbi tí wọn ò ti gbọ́ orúkọ Gwari rí. Ilé ìkọ́ṣẹ́ tí òyìnbó dá sílẹ̀ náà ńkọ́? Orúkọ Ladi Kwali ni wọ́n padà fi sọ ọ́.