Kí Ẹ Tó Gbé Ẹ́ńjìnnì Mìíràn Sínú Mọ́tò Yín: Ìwé Ìlàlóye fún Àwọn Ọlọ́kọ̀ Òṣòdì àti Ìsọlọ̀



Láti Máfolúkù dé Àjàó, láti Ìyànà-Ìsọlọ̀ dé Òkè-Afá, ojoojúmọ́ là ń rí mọ́tò tí wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sílẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà nílẹ̀ lórí táyà àtijọ́. Ọjà Ládìpọ̀ kò jìnnà sí wa. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà márosẹ̀ Òṣòdì sí Apápá ló wà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Mùṣìn. Nítorí pé ọjà náà sún mọ́ tòsí, ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sáré ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ láàárọ̀, kí wọ́n sì ti gbé e sínú mọ́tò kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìkánjú yẹn ló ń jẹ owó wọn lẹ́ẹ̀mejì.

Ìbéèrè mẹ́ta ni a fẹ́ kí ẹ bi ara yín kí owó tó kúrò lápò yín. Kí ló pa ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́? Ta ló ni èyí tí a fẹ́ rà? Àwọn wo ló yẹ kó mọ̀ pé a ti pààrọ̀ rẹ̀? Ẹni tó bá rí ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè fọkàn balẹ̀ náwó.

ÌBÉÈRÈ KÌÍNÍ: KÍ LÓ PA ẸŃJÌNNÌ ÀKỌ́KỌ́?

Kì í ṣe gbogbo mọ́tò tó ń rú èéfín ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú. Ẹ wo àmì wọ̀nyí dáadáa:

• Èéfín dúdú: epo bẹntiróòlù tó ń wọlé ti pọ̀ jù. Ó lè jẹ́ púlọ́ọ̀gì, sẹ́ńsọ̀, injector tàbí fílítà afẹ́fẹ́ tó ti dí. Èyí kò tó ohun tí à ń torí rẹ̀ ra ẹ́ńjìnnì.

• Èéfín funfun tí kò dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí mọ́tò ti gbóná, tí omi rẹdiétọ̀ sì ń dín kù: omi ti ń wọ ibi tí epo ti ń jó. Gásíkẹ́ẹ̀tì tó ti jó tàbí tọ́ọ̀pù (orí ẹ́ńjìnnì) tó ti tẹ̀ ló sábà máa ń fà á. Bí ẹ bá tètè mú un, títún tọ́ọ̀pù ṣe lè tó.

• Èéfín aláwọ̀ búlúù: ọ́ìlì ló ń jó. Ó lè jẹ́ ríìnì pístínì tó ti jẹ, ó sì lè jẹ́ rọ́bà kékeré tó wà lára fáàfù. Ti fáàfù kò wọ́n tó ti ríìnì.

• Ọ́ìlì tó dà bíi tíì tí a bu mílíìkì sí: omi ti dàpọ̀ mọ́ ọ́ìlì. Ẹ má ṣe wa mọ́tò náà mọ́.

• Ìró kọ̀-kọ̀-kọ̀ láti ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, tó ń yára sí i bí ẹ bá ṣe ń tẹ iná: èyí ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní nọ́ọ̀kì. Ẹ pa mọ́tò lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì fà á dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì.

Kí ẹ tó gbà pé ẹ́ńjìnnì ti parí, ẹ ní kí mẹkáníìkì wọn agbára ìfúnpọ̀ rẹ̀. Yóò yọ púlọ́ọ̀gì kúrò, yóò fi géèjì sí ihò kọ̀ọ̀kan, yóò sì yí ẹ́ńjìnnì. Nọ́ńbà tí gbogbo sílíńdà bá mú wá gbọ́dọ̀ sún mọ́ ara wọn. Bí ọ̀kan bá rẹ̀yìn jìnnà, kí ó bu ọ́ìlì díẹ̀ sínú ihò yẹn, kí ó tún un wọ̀n. Bí nọ́ńbà náà bá gbéra sókè, ríìnì ló jẹ. Bí kò bá gbéra, kí ó wo fáàfù tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ yìí kò gba àkókò púpọ̀, ó sì lè gba ẹ́ńjìnnì odindi sílẹ̀ fún yín.

Bí ó bá wá hàn gbangba pé ẹ́ńjìnnì ti kú, ẹ wá ohun tó pa á. Ẹ́ńjìnnì tí ẹ ń rà kò ní wo àìsàn tó pa ti àkọ́kọ́, òun náà yóò kó o ni. Ní agbègbè wa, ooru wà lára ohun tó máa ń pa ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí mọ́tò bá ń sáré, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí rẹdiétọ̀. Nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ Òṣòdì, afẹ́fẹ́ yẹn kò sí. Fáànù nìkan ló kù tó ń gba ẹ́ńjìnnì là. Bí fáànù bá dákẹ́, tàbí tí rẹdiétọ̀ bá ti dí nítorí omi ẹ̀rọ tí a ń rọ sí i lójoojúmọ́ dípò kúláǹtì, ìrìn láti Ìyànà-Ìsọlọ̀ dé Òṣòdì tó láti sun gásíkẹ́ẹ̀tì.

Ẹ béèrè nípa tẹmosítáàtì pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń yọ ọ́ dànù, wọ́n á ní ilẹ̀ wa ti gbóná jù fún un. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tètè dé ìwọ̀n ooru tó yẹ kó fi ṣiṣẹ́, kí ó sì dúró síbẹ̀. Bí kò bá sí, bùréènì bọ́ọ̀kìsì, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, yóò rò pé ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, yóò máa da epo lé epo, ọ́ìlì yóò sì tètè bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi tuntun sí i.

ÌBÉÈRÈ KEJÌ: TA LÓ NI ÈYÍ TÍ A FẸ́ RÀ?

Ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ti ṣiṣẹ́ nínú mọ́tò ẹlòmíràn kí ó tó dé ọwọ́ yín. Ẹ lè bá a ní ìhòòhò, tàbí kí ó pé pẹ̀lú altẹ́nétọ̀ àti kíkì sítátà, tàbí kí ó ṣì wà nínú iwájú mọ́tò tí wọ́n gé, èyí tí wọ́n ń pè ní nose-cut. Bí agbára bá gbé e, nose-cut ló dára jù, nítorí wáyà, sẹ́ńsọ̀ àti bùréènì bọ́ọ̀kìsì rẹ̀ sábà máa ń wà pẹ̀lú rẹ̀, ẹ sì lè rí i bóyá mọ́tò náà jóná tàbí ó mumi.

Ẹ kọ́kọ́ mọ orúkọ ẹ́ńjìnnì yín. Camry tí àwọn ènìyàn ń pè ní Big Daddy àti èyí tí wọ́n ń pè ní Muscle, bí wọ́n bá jẹ́ 2.4, 2AZ-FE ni orúkọ ẹ́ńjìnnì àwọn méjèèjì. Síbẹ̀, sẹ́ńsọ̀, páìpù àti wáyà ara wọn lè yàtọ̀ láti ọdún kan sí èkejì. Ẹ mú fọ́tò ẹ́ńjìnnì tiyín dání lọ sí ọjà, kí ẹ sì mú mẹkáníìkì yín lọ.

Bí ẹ bá dé ọjà, báyìí ni ẹ lè bá ọlọ́jà sọ̀rọ̀:

“Ọ̀gá, ẹ kú ọjà o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gbé bátìrì wá, kí a gbọ́ ohùn rẹ̀.”

“Kò sí wàhálà. Ẹ dúró, a máa sítáàtì ẹ̀ níbí.”

“Ẹ ṣé, ọ̀gá. Kí ẹ tó sítáàtì ẹ̀, ẹ jẹ́ ká ṣí ojú ọ́ìlì rẹ̀, ká tún wo nọ́ńbà ara rẹ̀.”

Ọlọ́jà tó mọ ohun tó ń tà kò ní bínú sí ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí ẹ óò yẹ̀ wò nìyí:

1. Ẹ fi sípánà yí ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́. Ó gbọ́dọ̀ yí láì há.
2. Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì. Bí ẹrẹ̀ dúdú bá lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀, ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ kì í pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò.
3. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kan wò. Bí ọ́ìlì bá bò ó, ẹ fura.
4. Ẹ wo ojú ihò omi. Bí ìpẹtà bá pọ̀ níbẹ̀, omi lásán ni wọ́n ń lò.
5. Ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ha á tàbí tún un tẹ̀, ẹ kúrò níbẹ̀, bó ti wù kí owó rẹ̀ dínkù tó.

Kíkéré ni abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Nọ́ńbà kékeré yẹn ló ń sọ bóyá irin náà mọ́ tàbí wọ́n jí i gbé. Bí ọlọ́pàá bá bá ẹ́ńjìnnì olè nínú mọ́tò yín, ẹ̀yin ni wọn yóò kọ́kọ́ mú. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Ẹ gba rísíìtì. Kí orúkọ ṣọ́ọ̀bù, nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù, nọ́ńbà fóònù, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì, iye owó àti ọjọ́ tí ẹ rà á wà lára rẹ̀. Àdéhùn lórí ìdápadà pàápàá, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́ mélòó ni ẹ ní láti dán an wò, ṣé òmíràn ni wọn yóò fún yín bí kò bá dára, tàbí owó yín ni wọn yóò dá padà? Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ọjà tó bá àpèjúwe ẹni tó tà á mu. Bí ọlọ́jà bá kọ̀, ẹ lè mú ẹjọ́ lọ bá FCCPC ti ìjọba àpapọ̀ tàbí LASCOPA ti Ìpínlẹ̀ Èkó. Rísíìtì ni ẹnu tí ẹ óò fi sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

NÍGBÀ TÍ WỌ́N BÁ Ń GBÉ E SÍNÚ MỌ́TÒ

Ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin lè wúwo ju kílò 100 lọ. Kí àwọn mẹkáníìkì yọ orí bátìrì kúrò kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Kí ṣéènì bùlọ́ọ̀kù dúró lórí irin tó lágbára, kì í ṣe lórí ẹ̀ka igi. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ sábẹ́ ẹ́ńjìnnì tó wà lókè. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ la ń rò nígbà tí a kọ gbólóhùn yìí. Ẹ má dákẹ́ bí ẹ bá rí ọmọ lábẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì wà níta ni ọwọ́ tó ibi gbogbo. Kí wọ́n pààrọ̀ síìlì iwájú àti ẹ̀yìn, púlọ́ọ̀gì, fílítà ọ́ìlì àti ẹ́ńjìnnì síìtì tó ti já. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń lo táímìn bẹ́ẹ̀lìtì, kí wọ́n fi tuntun sí i.

Lára mọ́tò onígíá ọ́tò, ibì kan wà tó ti mú ọ̀pọ̀ ènìyàn sunkún. Irin róbótó tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíá, èyí tí wọ́n ń pè ní converter, gbọ́dọ̀ wọlé tán sínú gíá kí wọ́n tó fi nọ́ọ̀tì so ẹ́ńjìnnì mọ́ ọn. Bí wọ́n bá fi nọ́ọ̀tì fà á wọlé tipátipá, yóò fọ́ ẹ̀rọ tó ń fa ọ́ìlì nínú gíá. Ẹ ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ra gíá lẹ́yìn tí ẹ ra ẹ́ńjìnnì tán. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Kí wọ́n má gbàgbé wáyà tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ara mọ́tò. Bí kò bá sí, iná mọ́tò yóò máa ṣe ségesège, rewáyà yóò sì máa wá àìsàn tí kò sí.

Ní ìgbà àkọ́kọ́, kí wọ́n yí ẹ́ńjìnnì láì jẹ́ kí ó sítáàtì títí iná ọ́ìlì tó wà níwájú awakọ̀ yóò fi kú. Ìgbà náà ni kí wọ́n tó sítáàtì rẹ̀. Kí wọ́n lé afẹ́fẹ́ jáde nínú omi, kí wọ́n dúró títí fáànù yóò fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fúnra rẹ̀, kí wọ́n sì wo abẹ́ mọ́tò bóyá nǹkan ń jò. Ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i láàárọ̀ ọjọ́ kejì kí ẹ tó jáde. Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà rẹ̀ kí mọ́tò tó rin kìlómítà 1,000.

ÌBÉÈRÈ KẸTA: ÀWỌN WO LÓ YẸ KÓ MỌ̀?

Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àtijọ́ wà nínú ìwé mọ́tò yín. Ní ọjọ́ tí ẹ bá gbé òmíràn wọlé, irin àti ìwé kò bá ara wọn mu mọ́. Ẹ má fi sílẹ̀ títí ẹ ó fi fẹ́ ta mọ́tò tàbí títí wọ́n ó fi dá yín dúró lójú ọ̀nà.

• Ẹ lọ sí kóòtù láti búra sínú ìwé afidáfíìtì pé ẹ ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì.
• Ẹ mú un lọ, pẹ̀lú rísíìtì àti ìwé mọ́tò, sí ọ́fíìsì àkọsílẹ̀ mọ́tò ti ilé-iṣẹ́ ọlọ́pàá, tí wọ́n ń pè ní CMR.
• Ẹ lọ sí ọ́fíìsì MVAA ti Ìpínlẹ̀ Èkó, kí wọ́n fi nọ́ńbà tuntun sínú ìwé yín. Inú ọ́fíìsì gan-an ni kí ẹ ti béèrè owó rẹ̀, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà.
• Ẹ sọ fún iléeṣẹ́ adójútòfò yín.

Ọ́ÌLÌ ÀTIJỌ́ KÌ Í ṢE OMI ÌDỌ̀TÍ

Ọ́ìlì tí ẹ bá dà sójú gọ́tà ní Ìsọlọ̀ yóò bá omi òjò lọ sínú odò àti kánàálì bíi ti Òkè-Afá. Èyí tí ẹ bá dà sílẹ̀ yóò rìn lọ sínú kànga àti bohóòlù tí à ń mu. Kí mẹkáníìkì gbè é sínú kẹ́ẹ̀gì, kí ó dé e, kí ó sì kó o fún àwọn tó ń ra ọ́ìlì àlòkù. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi bẹntiróòlù fọ irin nítòsí iná tàbí ẹni tó ń mu sìgá.

ÌBÉÈRÈ TÍ A SÁBÀ MÁA Ń GBỌ́

Ṣé kí n tún ti àtijọ́ ṣe ni, àbí kí n ra òmíràn? Bí búlọ́ọ̀kù kò bá là, tí ẹ sì mọ ẹni tó lè ṣe é dáadáa, àtúnṣe dára, nítorí ẹ mọ ìtàn ẹ́ńjìnnì yín. Ẹ fi owó méjèèjì wéra kí ẹ tó pinnu.

Mẹkáníìkì mi ní òun yóò bá mi rà á. Ṣé kí n jẹ́ kó lọ? Ẹ bá a lọ, tàbí kí ẹ rán ẹni yín. Orúkọ yín ni kó wà lórí rísíìtì.

Bí mọ́tò bá gbiná lójú ọ̀nà ńkọ́? Ẹ pa á, kí gbogbo èèyàn bọ́ sílẹ̀, kí ẹ jìnnà sí i. Ẹ má ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ pe 767 tàbí 112 ní Èkó. Nọ́ńbà àwọn Road Safety ni 122.

Ẹ GÉ ABALA YÌÍ, KÍ Ẹ FI SÍNÚ MỌ́TÒ

Ohun tó pa ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́: ______
Ohun tí a ṣe sí i kó má baà pa ìkejì: ______
Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì tuntun: ______
Ṣọ́ọ̀bù tí a ti rà á, àti ọjọ́: ______
Ọjọ́ tí àdéhùn ìdápadà parí: ______
Ọjọ́ tí a dé ọ́fíìsì CMR àti MVAA: ______
Kìlómítà tí a ó pààrọ̀ ọ́ìlì: ______

Bí ìlà kan bá ṣófo nínú méje yìí, iṣẹ́ kò tíì parí, bí mọ́tò tilẹ̀ ń rìn.